Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Iná Bátìrì Tó Tàn Lórí Afárá

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó wọlé sí wa lóṣù yìí, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: bí ọkọ̀ ṣe ń pèsè iná fún ara rẹ̀, àti ohun tí èèyàn lè ṣe nígbà tí ìpèsè náà bá dáwọ́ dúró níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gùn, ṣùgbọ́n a kò gé e kúrú, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rí ara yín nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òṣogbo ni mo sì ń gbé. Mo wa ọkọ̀ mi wá sí Èkó láti wá wo ọmọ tí ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ọ̀wọ́rọ̀nṣókí, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí mo bá pàdé ní Bẹ́gà. Bí mo ṣe gun afárá Third Mainland báyìí ni iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ ń lọ dáadáa, ẹ́ẹ̀sì ń ṣiṣẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀, mo sì rò pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀kánkán Adékúnlé, iná iwájú ti ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé ni ẹ́ńjìnì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè wá ní bátìrì ló kú. Ó ta tuntun fún mi, ọkọ̀ sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ni ọkọ̀ tún kú sí, pẹ̀lú bátìrì tuntun nínú rẹ̀. Ọkùnrin mìíràn tó wá wò ó fẹ́ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dán ọ́tánétọ̀ wò. Ọkọ ọmọ mi ní kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Kí ló ń ṣe ọkọ̀ mi, báwo ni mo sì ṣe máa dé Òṣogbo? *Ìyá Àgbà, Òṣogbo.*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá wa. Ọlọ́run yóò wò ó, yóò dá a sí. Ọkọ ọmọ yín ló jàre, ẹ sì bá mi kí i pé ó ṣeun. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Àwòrán bátìrì tí wọ́n yà sí iná pupa yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Kò sọ fún yín pé bátìrì kú. Ohun tó ń sọ ni pé ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi pèsè iná, kò rán iná sí bátìrì mọ́. Ẹ fi bátìrì ṣe kóló, kí ẹ fi ọ́tánétọ̀ ṣe ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń fi owó sínú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé kò ní dàrú lọ́jọ́ náà, nítorí pé wọn yóò máa mú nínú kóló jẹun, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni kóló yóò máa fúyẹ́ sí i. Mẹkáníìkì tó ta bátìrì fún yín ní Adéníji Adélé kàn gbé kóló mìíràn tó kún wá ni. Kò bi yín léèrè òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òun náà ló sì fà á tó fi tún kú ní Ojúẹlẹ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, torí pé ìṣirò yìí ló ń gba èèyàn là lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré níbí ló ń lo bátìrì tí wọ́n kọ 62 sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ó bá kún, tó sì jẹ́ tuntun, ó lè fúnni ní bí ampere mẹ́ta (ampere ni ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) fún ogún wákàtí. Bí a bá sì ṣe ń fà á kíákíá tó ni iye tí yóò fún wa ṣe ń dín kù. Iná iwájú méjèèjì, tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ 55 wáàtì, ń jẹ bí ampere mẹ́sàn-án. Ẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí yín lára àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, lè jẹ ampere 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù epo, púlọ́ọ̀gì àti bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), tí ẹ́ńjìnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, ń gba mẹ́wàá sí 15. Ẹ ti sún mọ́ 50 nìyẹn. Bátìrì tó ti lo ọdún bíi mélòó kan kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, afárá Third Mainland sì gùn tó kìlómítà 11.8. Ká ní ẹ pa ẹ́ẹ̀sì àti rédíò ní kété tí iná pupa tàn, ìdajì ẹrù yẹn ni ìbá kù, mo sì gbà gbọ́ pé ẹnu ọ̀nà ọmọ yín lẹ bá ti pa ẹ́ńjìnì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí iná yẹn bá tún tàn, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó ń tọ́ka bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí ọ́tánétọ̀, pọ́ǹpù omi àti ti sítíáríìnì pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀tì náà bá já, iná bátìrì yóò tàn, sítíáríìnì yóò le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ́ńjìnì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ pa á, nítorí ohun tí yóò bàjẹ́ bí ẹ bá ń wà á lọ, owó rẹ̀ ju ti bẹ́ẹ̀tì lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbóná, tí sítíáríìnì sì rọ̀ bó ṣe máa ń rí, ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ lè pa: ẹ́ẹ̀sì, rédíò, wáyà tó ń ṣàjí fóònù, fáànù. Ẹ má tẹ gíláàsì wíńdò sókè-sódò. Ẹ má sì pa ẹ́ńjìnì rárá títí ẹ ó fi dé ibi tí iná àti èèyàn wà, nítorí kíkì sítátà ń gbà ju 100 ampere lọ lẹ́ẹ̀kan náà láti fi jí i, bátìrì tó ti ń fúyẹ́ kò sì ní í rí i san. Iná iwájú nìkan ni mi ò ní sọ pé kí ẹ pa lóru. Ó sàn kí ọkọ̀ kú sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta ju kí tírélà má rí yín lọ.

Bí ó bá wá kú sórí afárá gan-an, ẹ jẹ́ kí ó fi agbára tó kù lára rẹ̀ yí lọ sí etí ọ̀nà, ẹ tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì, ẹ gbé C-caution sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́nà jíjìn, kí ẹ sì kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 àti 112. Bí ó bá jẹ́ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orí bátìrì tí wọ́n fẹ́ yọ. Láyé ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní bréènì bọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀gá wa máa ń yọ ọ́ lóòótọ́: bí ẹ́ńjìnì kò bá kú, wọn á ní ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ yàtọ̀ sí pé bátìrì jẹ́ kóló, tìmùtìmù tún ni, òun ló ń gba ìfò iná kí ó má baà ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá fà á yọ nígbà tí ọ́tánétọ̀ ń rán iná, iná náà kò ní ibi tí yóò gbà, ó sì lè fò kọjá 40 fólítì kí régúlétọ̀, ohun tó ń dá fólítì ọ́tánétọ̀ dúró kó má pọ̀ jù, tó rí i mú. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ réwáyà ní Ìdí-Oró, ní Múṣin, ni mo fi ojú mi rí i. Wọ́n yọ orí bátìrì ọkọ̀ kan, rédíò rẹ̀ dún tọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èéfín kékeré kan rú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kásẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnì sì kú, kò sì jí mọ́ títí wọ́n fi pààrọ̀ bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sanwó, ó tún dúpẹ́. Ó ń dùn mí títí di òní. Àṣà mìíràn tó jọ ọ́ ni ti yíyá bátìrì ará ilé: wọ́n á fi bátìrì onítọ̀hún jí ọkọ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń dún láti dá tèyí tó kú padà. Ewu kan náà ni. Wáyà jọ́ńpà ni kí ẹ lò. Ẹ so pupa mọ́ orí tó ní àmì àròpọ̀ lára bátìrì tó kú, lẹ́yìn náà mọ́ ti èyí tó wà láàyè. Ẹ so dúdú mọ́ orí kejì bátìrì tó wà láàyè, kí ẹ sì fi ìkẹyìn rẹ̀ há irin gbayawu lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó kú, kí ó jìnnà sí bátìrì. Bí ọkọ̀ bá jí, èyí tí ẹ so kẹ́yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ tú.

Mítà kékeré tí àwọn réwáyà ń lò tó láti dán ọ́tánétọ̀ wò, kò sì sí ẹni tí kò lè kọ́ ọ. Ẹ yí i sí fólítì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ pupa kan orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, kí ẹ fi dúdú kan ìkejì. Bí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, bátìrì tó kún yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ wá jí ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mítà gbọ́dọ̀ gòkè sí àárín 13.8 àti 14.4, kó sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá tan iná iwájú àti ẹ́ẹ̀sì, ó lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 13. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan wà tí bréènì bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń gbé e sókè tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìwọ̀nyẹn yàtọ̀. Ọkọ̀ tiyín, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé 12 àti ìdá díẹ̀ ni mítà yóò fi hàn, tí yóò sì máa lọ sílẹ̀ bí ẹ ti ń wò ó.

Kí ló wá ṣe ọ́tánétọ̀? Ẹ ní kí réwáyà kọ́kọ́ wo bẹ́ẹ̀tì bóyá ó dẹ̀, ó gbẹ tàbí epo ta sí i. Kí ó wo fíúsì ńlá tó wà lójú ọ̀nà iná láti ọ́tánétọ̀ sí bátìrì. Kí ó wo orí wáyà bóyá ó ti hu ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń fò tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹ ra ọ́tánétọ̀ mìíràn. Bí ìwọ̀nyí bá dára, inú rẹ̀ ni àìsàn wà: dáyóòdù (tó ń sọ iná ọ́tánétọ̀ di irú èyí tí bátìrì lè gbà), régúlétọ̀ tàbí kábọ́ọ̀nù. Kábọ́ọ̀nù ni mo rí jù nínú ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà. Méjì ni wọ́n, dúdú bí èédú, onígun mẹ́rin, sípíríǹgì kékeré ń tì wọ́n mọ́ òrùka bàbà méjì tó ń yí. Tuntun rẹ̀ máa ń yọ síta tó ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Nínú èyí tí mo tú kẹ́yìn, ohun tó kù kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, eruku rẹ̀ sì bo gbogbo inú ibẹ̀; nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bíi tìróò. Àmì irú èyí ni pé iná pupa máa ń tàn, á tún kú fúnra rẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, kí ó tó wá tàn pátápátá. Ẹ rántí bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo, kí ẹ sì sọ fún réwáyà.

Ní ti bátìrì tuntun yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣàjí bátìrì, kí ó fi ìwọ̀n iná kékeré ṣàjí rẹ̀ mọ́jú. Bátìrì tó gbẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kì í padà bọ̀ sípò tán, ọ́tánétọ̀ tí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kóló tó ṣófo, yóò gbóná jù. Ẹ fi ọkọ̀ yíká ìgboro fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó gba ọ̀nà ilé. Òwúrọ̀ ni kí ẹ gbéra, kí ẹ má baà nílò iná iwájú. Òṣogbo lé ní 200 kìlómítà sí Èkó. Bí mítà kò bá fi 13.8 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń dún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ bá ọmọ wẹ ọmọ tuntun lọ́jọ́ kan sí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń fi ọkọ̀ kó èrò láti Ọ̀ṣòdì lọ sí Àjáh. Gílóòbù iwájú mi ti jó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Òórùn kan tó jọ ti ẹyin tó bàjẹ́ máa ń wọ inú ọkọ̀ bí mo bá ti sáré díẹ̀, ara bátìrì sì máa ń gbóná. Iná bátìrì kò tàn ní tèmi, nítorí náà ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní kò sí nǹkan kan. *Awakọ̀, Ọ̀ṣòdì.*

ÌDÁHÙN: Nǹkan ń bẹ o, arákùnrin wa, ó sì léwu ju ti Ìyá Àgbà lọ. Ọ́tánétọ̀ tiyín kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ń ṣe é ní àṣejù. Régúlétọ̀ ló yẹ kó dá a dúró ní 14 àti díẹ̀, ó sì ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fi mítà wò ó tí ẹ́ńjìnì ń dún, mo rò pé ẹ ó rí 15 tàbí 16. Omi inú bátìrì ló ń hó tó ń rùn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ sì ń gba iná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá tàbí ṣá ìṣáná nítòsí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì tẹ́ orí sí bátìrì nígbà tó bá gbóná, nítorí ó lè bẹ́, ásíìdì rẹ̀ sì lè fọ́ èèyàn lójú. Bí òórùn yẹn bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ jìnnà sílé, ẹ ṣí gbogbo wíńdò, ẹ tan iná iwájú, ẹ́ẹ̀sì àti fáànù pọ̀ kí wọ́n lè máa jẹ nínú àjẹjù iná náà, kí ẹ má sì tẹ ẹ́ńjìnì ní àtẹ̀jù títí ẹ ó fi rí ibi ààbò dúró sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ má gbé èrò kankan mọ́ kí ẹ tó pààrọ̀ régúlétọ̀. Iye tí ẹ ti ná lórí gílóòbù mẹ́ta ti wọ inú owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n yẹ bátìrì náà wò pẹ̀lú. Bí ìhà rẹ̀ bá ti wú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ló dára jù: kí n tún ọ́tánétọ̀ mi ṣe ni, tàbí kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípò, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀? *Òǹkàwé, Ẹ̀bútè Mẹ́ta.*

ÌDÁHÙN: Bí ó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, régúlétọ̀ tàbí dáyóòdù ló bàjẹ́, ẹ tún tiyín ṣe, nítorí pé ẹ mọ ìtàn rẹ̀, ẹ kò sì mọ ti tòkunbọ̀. Bí wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ bá ti jó, tó dúdú tó sì ń rùn, tàbí tí bẹ́árìn ti jẹ ilé ara rẹ̀ tó ń dún gbùùùù, ẹ lọ sí Ládípò. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ fi ojú òṣùwọ̀n wé ihò bóòtì, ojú bẹ́ẹ̀tì àti ẹnu wáyà rẹ̀, kí ẹ ka iye ampere tí wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ sì ní kí ẹni tó tà á yí i lórí ẹ̀rọ ìdánwò níṣojú yín. Bí kò bá ní ẹ̀rọ ìdánwò, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó ń bọ̀.